Agbálẹ̀ kọ̀ǹpútà: èwo ló ń ṣiṣẹ́, èwo ló ń pariwo lásán

Nínú gbogbo agbálẹ̀, ìyẹn sọ́fítíwíà tí wọ́n ń polówó pé ó ń sọ kọ̀ǹpútà tó ń falẹ̀ di ọ̀tun, mi ò tíì rí ìkankan tó ṣe é bí ẹnu àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ ọ́. Àwọn kan wúlò o. Méjì tàbí mẹ́ta wà níbẹ̀ tí mi ò jẹ́ kí wọ́n kúrò lórí ẹ̀rọ mi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe gan-an yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ sára pátákó wọn, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ yẹn á máa gbé agbálẹ̀ kan lé òmíràn lórí, ẹ̀rọ á sì máa falẹ̀ sí i.

Èmi ni wọ́n máa ń gbé laptop wá bá níbi iṣẹ́ wa àti nínú ẹbí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ó kàn ń yí lójú kan ni." Kì í ṣe iṣẹ́ tí mo kọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti di tèmi, mo sì ti rí agbálẹ̀ oríṣiríṣi lórí ẹ̀rọ wọn.

Mo ní laptop àtijọ́ kan tí mo fi ń dán nǹkan wò. Nígbà tí mo fẹ́ mọ òótọ́ nípa ọ̀kan nínú àwọn agbálẹ̀ tí ìpolówó wọn pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì (ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀), mo pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ yẹn rẹ́, mo gbé Windows tuntun sí i, mi ò sì fi fáìlì tèmi kankan síbẹ̀. Ẹ̀rọ mọ́ tónítóní. Mo wá gbé agbálẹ̀ yìí sórí rẹ̀, mo ní kó yẹ̀ ẹ́ wò. Òbìrìkìtì ńlá kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí, nọ́ńbà pupa sì ń gòkè láàárín rẹ̀. Nígbà tó fi máa dúró, ó ní ìṣòro ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló wà lórí ẹ̀rọ tí Windows rẹ̀ kò tíì lo wákàtí kan. Mo wá ibi tí wọ́n kọ àlàyé sí, ní lẹ́tà tín-ín-tín nísàlẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Kí ni mo bá níbẹ̀? Kúkì (fáìlì kékeré tí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dá èèyàn mọ̀) tó ti ojú ewé tí mo ti lọ gbé òun fúnra rẹ̀ wá. Àkọsílẹ̀ tí Windows máa ń ṣe fún ara rẹ̀ nígbà tó bá ń tàn. Ìlà mélòó kan nínú registry, ìwé ètò Windows, tí kò tọ́ka sí ibì kankan. Kúkì kọ̀ọ̀kan, ìṣòro kan ni wọ́n kà á sí. Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan wà tó ní òun á tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́, ojú ewé ìsanwó ló ṣí.

Ọgbọ́n yìí ti gbé àwọn kan dé iwájú òfin. Ní ọdún 2019, ilé ìtajà Office Depot ní Amẹ́ríkà àti ilé iṣẹ́ Support.com gbà láti san mílíọ̀nù 35 dọ́là, Office Depot 25, Support.com 10, lẹ́yìn tí àjọ FTC tó ń gbèjà oníbàárà níbẹ̀ fẹ̀sùn kàn wọ́n nítorí sọ́fítíwíà àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní PC Health Check. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí FTC ṣe ṣàlàyé rẹ̀, kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín ná kó tó bí mi nínú. Wọ́n á bi oníbàárà ní ìbéèrè mẹ́rin kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, lára wọn ni bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ ń falẹ̀. Tó bá ti lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ẹyọ kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èsì á jáde pé àmì sọ́fítíwíà aṣebi wà lórí ẹ̀rọ, ohun yòówù kí àyẹ̀wò náà rí. Ta ló fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà wá fún àyẹ̀wò tí kò ní sọ pé ó ń falẹ̀? Ní ọdún 2024, FTC tún fa àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà Restoro àti Reimage lé òfin lọ́wọ́ lórí ìdẹ́rùbà tó jọ èyí, àwọn náà sì gbà láti san mílíọ̀nù 26 dọ́là.

Ohun tí mo wá fi ń dá agbálẹ̀ tí kò dáa mọ̀ kò le. Agbálẹ̀ gidi máa sọ iye ààyè tó máa gbà padà fún ẹ, bóyá gígábáìtì méjì, bóyá mẹ́wàá, á sì sọ ibi tó ti máa gbà á. Èyí tó bá ń ka iye "ìṣòro" fún yín, ẹ yọ ọ́ dànù kíá.

Ká tó máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ ná. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Task Manager á ṣí. Ẹ wo òpó mẹ́ta: CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ), Memory (RAM, ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí), Disk (ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí). Bí Memory bá ń sún mọ́ 90% kí ẹ tó ṣí nǹkan gidi kan, RAM ni kò tó. Bí Disk bá ń lu 100% ṣáá nígbà tí ẹ kò ṣe nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé díìsìkì onírin tó ń yí ló wà nínú ẹ̀rọ yín, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Agbálẹ̀ kò kan èyíkéyìí nínú wọn. Fáìlì tó jókòó jẹ́ẹ́ sórí díìsìkì kì í fa ẹ̀rọ sẹ́yìn, àfi tí díìsìkì bá ti kún débi pé Windows kò rí ibi mí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Nínú Task Manager yẹn kan náà, ẹ lọ sí Startup apps. Àwọn tó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ láràárọ̀ nìwọ̀nyẹn, Windows sì kọ ọ́ sí iwájú ọ̀pọ̀ wọn bóyá ìdíwọ́ wọn pọ̀ tàbí kò pọ̀. Lórí laptop obìnrin kan níbi iṣẹ́ wa, mo bá sọ́fítíwíà ìpàdé orí fídíò mẹ́ta níbẹ̀, ti géèmù méjì, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, àti, ẹ gbà mí, agbálẹ̀ méjì tó ń bá ara wọn du ẹ̀rọ. Mo fi Disable pa wọ́n. Disable kò yọ wọ́n kúrò o. Ẹni tó bá nílò wọn á ṣí wọn fúnra rẹ̀. A pa ẹ̀rọ, a tún un tàn, obìnrin náà sì bi mí pé sọ́fítíwíà wo ni mo rà.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbà. Ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU, ẹ wo Up time nísàlẹ̀. Ẹlòmíràn á búra pé alaalẹ́ lòun ń pa ẹ̀rọ òun, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Up time ń kà. Kò purọ́. Láti ìgbà Windows 8 ni Fast Startup ti wà: tí ẹ bá tẹ Shut down, Windows máa ń tọ́jú apá kan ara rẹ̀ sórí díìsìkì kó lè tètè jí lọ́jọ́ kejì. Restart ló ń pa gbogbo rẹ̀ tán kó tó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Restart kò sì gbówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó yá, àwọn agbálẹ̀ fúnra wọn.

BleachBit ni mo máa ń fi lọ èèyàn ju gbogbo wọn lọ. Andrew Ziem ló ṣe é, ó ti wà láti 2008, ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Linux. (Ní 2016, ọ̀rọ̀ ímeèlì Hillary Clinton, tó ń díje fún ipò ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, gbé orúkọ rẹ̀ dé inú ìròyìn, ìpolówó tí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ lé lórí.) Kò lẹ́wà. Apá òsì kún fún orúkọ sọ́fítíwíà pẹ̀lú àpótí kékeré tí ẹ máa fi àmì sí, apá ọ̀tún sì ṣófo. Kò sí òbìrìkìtì, kò sí nọ́ńbà pupa. Bọ́tìnnì Preview rẹ̀ ni mo nífẹ̀ẹ́: tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á to gbogbo fáìlì tó fẹ́ pa rẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bó ṣe tóbi tó, kò sì ní fọwọ́ kan ìkankan títí ẹ ó fi tẹ Clean. Tí ẹ bá fi àmì sí páásíwọ̀ọ̀dù tí browser (èyí tí ẹ fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì) tọ́jú, á kìlọ̀ fún yín pé ẹ fẹ́ pa á rẹ́. Ẹ má fi àmì sí Free disk space. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kọ nǹkan lé ibi tó ṣófo lórí kí ẹnikẹ́ni má baà rí fáìlì tí ẹ ti pa rẹ́ gbà padà; á jẹ yín ní wákàtí, kò sì fi ìṣísẹ̀ kan kún eré ẹ̀rọ. Kúkì náà ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ máa tún orúkọ àti páásíwọ̀ọ̀dù kọ sí gbogbo ojú ewé tí ẹ ń lọ.

CCleaner lórúkọ jù. Ilé iṣẹ́ Piriform ló ṣe é, Avast sì ra Piriform ní oṣù keje ọdún 2017. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ìròyìn fi jáde pé àwọn ọ̀daràn ti wọnú ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ti ki kóòdù aṣebi sínú ẹ̀dà 5.33 kó tó dé ọwọ́ aráàlú. Láti ojúkò gidi làwọn èèyàn ti gbà á, òǹtẹ̀ gidi ló wà lára rẹ̀. Avast ní ẹ̀rọ tó tó mílíọ̀nù 2.27 ni ẹ̀dà yẹn dé. Wọ́n ti tún un ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò sì sọ pé ẹ má lò ó nítorí ìyẹn. Ohun tó jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ ni pé mi ò nílò rẹ̀ mọ́: fífọ fáìlì ìgbà díẹ̀ mọ́, Windows ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́; pípa àwọn tó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ, Task Manager ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì máa ń rán èèyàn létí nígbà gbogbo pé èyí tí wọ́n ń sanwó fún wà. Tó bá jẹ́ òun lẹ mọ̀ lò, ẹ máa bá a lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan apá Registry rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ti registry yẹn tán. Registry ni ìwé tí Windows kọ gbogbo ètò rẹ̀ sí, ìlà rẹ̀ kò lóǹkà. Tí ẹ bá pa ọgọ́rùn-ún ìlà tí kò wúlò rẹ́ níbẹ̀, ojú kò lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá ṣèèṣì pa ẹyọ kan tó wúlò rẹ́, sọ́fítíwíà kan lè kọ̀ láti ṣí, tàbí kí Windows fúnra rẹ̀ má jí. Microsoft ti sọ ọ́ kedere pé àwọn kò fọwọ́ sí lílo irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀. Èrè kò sí níbẹ̀, ewu wà.

Àwọn tó ń "fọ RAM" náà ńkọ́? Ẹ tẹ bọ́tìnnì, nọ́ńbà Memory já wálẹ̀, inú ẹni á dùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ti ohun tí àwọn sọ́fítíwíà yín ń lò jáde kúrò nínú RAM. Tí ẹ bá padà sórí ìwé tí ẹ ń kọ, Windows á tún máa fà á wọlé láti orí díìsìkì, tó falẹ̀ ju RAM lọ fíìfíì. Microsoft PC Manager, tí Microsoft fúnra wọn ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, ní irú bọ́tìnnì yìí, wọ́n pè é ní Boost. Mi ò ní lò ó. Ṣùgbọ́n apá tó ń wá fáìlì ńlá àti èyí tó ń fi àwọn tó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ hàn dára fún ẹni tí Task Manager bá ń dẹ́rù bà, ojú rẹ̀ sì mọ́. Kẹ́ ẹ kàn lajú yín: ní 2024, àwọn tó ń lò ó rí i pé lára "àtúnṣe" tó ń dábàá fún wọn ni kí wọ́n padà sí Bing. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn ẹ̀rọ o, ọjà ni wọ́n ń tà.

Ti Windows gan-an, ẹ lọ sí Settings, System, Storage, Temporary files. Ibẹ̀ tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Tí Windows bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìyípadà ńlá, ẹ lè bá ẹ̀dà àtijọ́ rẹ̀ níbẹ̀, tó máa ń jẹ ọ̀pọ̀ gígábáìtì. Ó sábà máa ń pa ara rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́: Downloads wà lára àwọn tó tò síbẹ̀. Wọn kì í fi àmì sí i fúnra wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ìkánjú tẹ gbogbo àpótí á rí i pé ìwé ẹ̀rí, fọ́tò àti ìwé owó tó gbà láti inú ímeèlì ti bá pàǹtírí lọ.

Sọ́fítíwíà tó ya mí lẹ́nu jù kì í tiẹ̀ ṣe agbálẹ̀. WizTree ni. Kò pa nǹkan kan rẹ́ fúnra rẹ̀, ó kàn ń fi ohun tó gba ààyè hàn yín ni. Lórí díìsìkì NTFS (ìlànà tí Windows sábà fi ń to fáìlì), inú tábìlì tí Windows kọ orúkọ gbogbo fáìlì sí ló ti ń kà wọ́n tààrà, ìdí nìyẹn tó fi ń parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lo ìṣẹ́jú gbọọrọ. Lílo rẹ̀ nínú ilé kò gba owó.

Àbúrò mi obìnrin gbé laptop rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, SSD 256GB (díìsìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú), ààyè tó ṣẹ́ kù kò pé gígábáìtì mẹ́ta. Ó ti fi agbálẹ̀ gbá a títí, gígábáìtì kan, méjì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó tún kún. Mo ṣí WizTree. Àwọn àpótí aláràbarà kún ojú ẹ̀rọ, bí fódà bá ṣe tóbi tó ni àpótí rẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó, ọ̀kan sì gba bí ìdá mẹ́rin gbogbo ojú náà fún ara rẹ̀ nìkan. Mo fi atọ́ka lé e: fódà kan tó ń jẹ́ MobileSync. Ẹ̀dà fóònù ni, èyí tí iTunes ń tọ́jú, ti fóònù kan tó ti fi sílẹ̀ tipẹ́ tó ti ra òmíràn.

"Àwọn fọ́tò inú rẹ̀ ńkọ́?" mo bi í.

"Wọ́n ti wà lórí èyí tuntun. Ẹ̀gbọ́n, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀."

Inú iTunes fúnra rẹ̀ la ti pa á rẹ́, a kò fi ọwọ́ pa á rẹ́ nínú fódà. Kò sí agbálẹ̀ tó máa fọwọ́ kan irú fáìlì yẹn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, torí wọn kò lè mọ̀ bóyá pàǹtírí ni tàbí ìṣúra. Ẹni tó ni ín ló mọ̀. Inú fódà Windows àti Program Files, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ níbẹ̀ lọ́wọ́, kódà kí àpótí rẹ̀ tóbi bí kí ni.

Ibì kan wà tí fífọ ẹ̀rọ mọ́ ti ń mú kó yára lóòótọ́: browser tí sọ́fítíwíà ìpolówó ti gbà kalẹ̀. Ẹ máa mọ̀ ọ́n tí ojú ewé ìwákiri yín bá ṣàdédé yí padà, tí ìpolówó ń yọ níbi tí kò yẹ kó ti yọ. AdwCleaner ni tibẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, Malwarebytes ló ni ín láti 2016, ẹ kò sì nílò láti fi í sórí ẹ̀rọ: ẹ ṣí i, ó ṣiṣẹ́ rẹ̀, ẹ lè pa á rẹ́. Ẹ ka ohun tó tò sílẹ̀ kí ẹ tó gbà fún un, torí ó lè ka sọ́fítíwíà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe laptop fi sórí rẹ̀ mọ́ ọn.

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí Disk ṣì wà ní 100%, ẹ gbé CrystalDiskInfo wá, ọ̀fẹ́ lòun náà. Tó bá kọ Good, ó dára. Tó bá kọ Caution tàbí Bad, ẹ pa gbogbo ọ̀rọ̀ agbálẹ̀ tì, ẹ kó fáìlì yín sí ibòmíràn lónìí yìí, kó tó di pé díìsìkì kú. Tí díìsìkì onírin náà bá ṣì lágbára, tó kàn ń falẹ̀ ni, SSD ni ìwòsàn rẹ̀. Èyí tó ń yí nígbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan kò lè bá SSD sáré láéláé. Mi ò tíì rí sọ́fítíwíà tó yí laptop àtijọ́ padà bí ìyípadà kan ṣoṣo yìí. RAM ló tẹ̀ lé e, pàápàá fún ẹni tó ń fi 4GB lo Windows 11, torí 4GB yẹn ni Microsoft kọ pé ó kéré jù tí ẹ̀rọ lè ní. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá laptop yín gba kíkún, nítorí wọ́n ti jó RAM ti àwọn mìíràn mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ.

Fún ẹni tó ti sanwó fún agbálẹ̀ kan tó sì fẹ́ kó o kúrò: yíyọ ọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ kò dá owó ọdọọdún dúró. Ẹ kọ́kọ́ wọ àkáǹtì yín lójúkò wọn, ẹ pa auto-renew, ẹ dúró de ímeèlì tó jẹ́rìí sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí Settings, Apps, kí ẹ yọ ọ́. Ẹ tún wo Startup apps àti àwọn extension (àfikún kéékèèké) inú browser, torí àwọn kan máa ń fi ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀.